Ọgbọ̀n Ọjọ́

Gbọ̀ngàn kejì, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Máìtámà.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń mí sí wa lọ́rùn bí ọyẹ́,
bẹ́ẹ̀ oòrùn oṣù kẹrin ń yan ọ̀dà níta.
Èmi ni mo gbé àpò ọ̀gá mi wọlé,
èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ tó ń tàn lára ògiri,
mo sì mọ ojú ewé tí òdo kan ti bọ́ sọnù.
Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má kà á.

Amòfin Àgbà Ọ̀ṣúndínà dìde, ó tún jígí ojú ṣe.
Ó ní, "Bí ìjọba bá bu owó orí tó pọ̀ jù fún ọ,
má sunkún, má bú ẹnikẹ́ni.
Kọ̀wé.
Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin là sílẹ̀.
Bó bá di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ilẹ̀kùn ti tì."
Àtẹ́wọ́ ró. Bíírò ń sáré lórí ìwé.
Lọ́yà Háúwà Gímbà, ará Kàdúná, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn,
ó ní ilẹ̀kùn lè tì, fèrèsé ṣì wà, ilé ẹjọ́ ṣì wà lókè.
Térngù tó wá láti Mákọ́dì ní fèrèsé ọ̀hún ga,
owó ni wọ́n fi ń kan àkàbà rẹ̀.
A rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín wa mọ́ bíi kọ́là ọrùn wa.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan nawọ́ níbi ìlà tó kẹ́yìn.
Káàdì ẹlòmíràn ló fi kọ́rùn.
Ẹ̀rún pákó ṣì há sínú irun apá rẹ̀.
"Tánkò lorúkọ mi. Pákó ni mo ń tà ní Déìdéì.
Gẹ̀ẹ́sì mi kò dán, ẹ jọ̀ọ́.
Wọ́n fi lẹ́tà há ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.
Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ tìmùtìmù, mo rò pé ìwé ìbò ni.
Ọmọ mi tó mọ̀wé ń bẹ ní Bídà.
Ó wálé ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ó kà á, ó dákẹ́.
Ó tún un kà.
Ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ ń wí yìí,
ṣé láti ọjọ́ tí lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà ni,
àbí láti ọjọ́ tó dé etí mi?"

Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló fèsì.
Ọ̀gá mi ní, "Ìbéèrè tó dára gan-an ni."
Ohun tí a máa ń wí nìyẹn bí ẹnu bá wọ́.
Alága wo aago, ó ní tíì ti délẹ̀.

Owó orí.
Bàbá bàbá mi sùn nínú igbó kòkó nítorí rẹ̀,
òjò méjì pa á síbẹ̀, àwọn akódà kò rí i.
Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ wá dúró nídìí míìtì páì,
mo ń wo Tánkò tó ń wá ibi tí yóò gbé kọ́ọ̀bù sí.

Mo lọ bá a. Ó yọ lẹ́tà jáde, ó ń rùn bíi fóòmù.
Òdo tó sọnù lójú ewé tèmi,
àfi bíi pé ibí ló sá wá:
owó tí wọ́n ní kó san
ju gbogbo pákó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.
Mo ṣírò láti ẹnu ọ̀nà: ó ti lé ní àádọ́rin ọjọ́.
Mo ṣírò láti etí: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ọ̀la nìkan ló kù.

Ọgbọ̀n, ọgbọ́n: ohùn kan péré ló yà wọ́n.
Òfin fún Tánkò ní ọ̀kan,
ó ní kó lọ wá èkejì fúnra rẹ̀.

Mo yí ìwé ètò ìpàdé dójú bolẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.
Ọ̀gá mi ń pè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọkọ̀ ti dé.
Àpò rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì mi.
Ọwọ́ ọ̀tún ń kọ déètì.