Ẹ̀ka Ìsàlẹ̀

Inú pàlàpálá àpáta l'Ógìdì ni mo ti fà á yọ,
ọ̀dán tí kò ju ìka ọwọ́ lọ,
níbi tí ẹyẹ ṣu kóró rẹ̀ sí,
tí erùpẹ̀ ibẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́.
Mo gbìn ín sínú abọ́ tánganran tí ìdí rẹ̀ ti jò,
èyí tí ìyá wa fi ń ṣan ìrẹsì.

Lọ́dún kejì ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́,
ìdí àti orí kò yàtọ̀,
bí òpó àsíá ilé ẹ̀kọ́.
Baba Fọlọ́runṣọ́ rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ igbó ìjọba.
Ó ní, "Igi tó bá dàgbà máa ń jókòó ni.
Wo ìrù alángbá:
ibi tó ti mú ara ló ti nípọn,
ó wá ń tín-ín-rín lọ. Gé e."

Níbo?
"Níbí." Ìka mẹ́rin sílẹ̀.
Mo ní, Baba, iṣẹ́ ọdún méjì mà nìyẹn.
Ó ní, igi ìdáná ni.
Ayùn wọlé, oje funfun ń kán bí omi ọmú.

Ọ̀mùnú mẹ́ta rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́.
A yọ méjì, a fi ọ̀kan jẹ orí.
Tí òun náà bá yó, a ó tún bẹ́ ẹ,
kúkurú ju ti àkọ́kọ́ lọ,
títí igi á fi máa kéré lọ sókè
bí ohùn ẹni tó ń lọ lọ́nà oko.
A ki àwo fífọ́ bọ abẹ́ rẹ̀
kí gbòǹgbò má wọlẹ̀ gbọnrangandan,
kó tẹ́ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan wà nísàlẹ̀.
Baba ní kí n má fọwọ́ kàn án, kó máa sáré.
Ó sáré. Ó fo ògiri.
Gbogbo ewé tó bá là, èsúsú ló ń dá,
ìdí igi ló sì ń kó o.
"Tí ìdí bá ti tó, gé e mọ́lẹ̀.
Ọgbẹ́ á pa dé. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó wà rí."

Èyítáyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, wà lábẹ́ igi kajú nígbà náà,
ó ń já kóró kúrò lára èso.
Kíláàsì mẹ́ta ló kà.
Owó kajú rẹ̀ ló rán mi dé Kàbà, tó rán mi kọjá Kàbà.
Lọ́jọ́ tí mo gbàwé ẹ̀rí,
ayàwòrán ní kó sún díẹ̀,
oje kajú ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.
Ó sún.
Èmi náà kò sọ̀rọ̀.

Baba ní bí n kò bá gé e,
ibẹ̀ á wú, á di kókó, á ba ìdí jẹ́.
Òótọ́ ni.
Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ayùn ń bẹ lórí fèrèsé.

Láàárọ̀ yìí Èyítáyọ̀ wọlé.
"Ọ̀kun o. Kí ni igi yìí ń so?"
Mo ní kì í so nǹkan kan. Wíwò ni.
Ó wò ó pẹ́.
Ó gbọn omi ara ìborùn rẹ̀,
ó sá a sórí ẹ̀ka gígùn náà,
ó ní, "Èyí nìkan ni mo rí lò níbẹ̀."