Krenek Jókòó Sídìí Irin

Ní Sátidé, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ní Tẹ́sásì,
tí pápá òwú bẹ̀rẹ̀ sí í mí,
ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ijó ni mo máa ń jókòó,
èmi Orlene, èmi àti àpótí owó,
èmi àti òǹtẹ̀ búlúù tí mo ń tẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ ẹni tó bá sanwó.
Ọdún kọkànlélógún rèé.
Mo ti rí olórin tó fi akẹtẹ̀ funfun bo orí asán,
mo ti rí onígòjé tó ń fò bí ewúrẹ́ tí oyin ta.
N ò dìde fún wọn.

Ṣùgbọ́n bí Delbert Krenek bá gbé irin rẹ̀ wọlé,
mo máa ń yí àga mi padà.

Kì í gbé e kọ́rùn bí àwọn yòókù.
Ó nà án gbalaja lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, bíi pákó ìlọṣọ,
ó fa àga, ó jókòó,
ó wo okùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti òkè
bí àgbẹ̀ tó ń wo poro oko rẹ̀ lẹ́yìn òjò.
Èékánná àtọwọ́dá mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún,
ọ̀pá irin tó ń dán yinrin lọ́wọ́ òsì,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ nǹkan nísàlẹ̀,
orúnkún rẹ̀ ń ti nǹkan sápá kan.
Ẹni tí kò mọ̀ á ní baba yìí ń wakọ̀.
Bóyá ọkọ̀ náà ni.
Ó kúkú ń gbé wa lọ.

Ìró rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀.
Àfi bíi pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́,
tó wá ń yọ́ jáde bí èéfín lábẹ́ ilẹ̀kùn;
á rọra gòkè, á rọra gòkè,
á dé ibi tó yẹ kó dúró, kò ní dúró,
á máa gbọ̀n níbẹ̀ rìrì,
bí omi tó kún dé etí ife tí kò tíì dà.
Gìtá àwọn tó kù ń sọ̀rọ̀.
Tirẹ̀ ń mí kanlẹ̀.

Àwọn darandaran tó ń pariwo nídìí bíà á dákẹ́.
Ìyá àgbà Hruska, ẹni ọgọ́rin ọdún ó dín kan,
á gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, á na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀,
wọ́n á máa yí po lórí pákó tí a da ìyẹ̀fun àgbàdo sí,
ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́ta,
bíi pé kò sẹ́ni tó kú rí nínú ìlú yìí.

Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ omi ló ń tún ṣe.
Òun ló gun òpó ẹ̀rọ alátẹ́gùn ẹ̀yìn ilé wa nígbà ọ̀dá,
tó sọ̀ kalẹ̀, tó ní, "Ó kù díẹ̀."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi jáde.
Ọwọ́ kan náà ni.
Gírísì kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Alẹ́ kan wà nínú oṣù kẹwàá,
ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a sin Lavelle, ìyàwó rẹ̀.
A rò pé kò ní wá. Ó wá.
Àárín ijó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni okùn kẹta já, táì!
Onígòjé wò ó. Onílù wò ó.
Krenek ò wo ẹnì kankan.
Ó fa irin lọ sórí okùn kẹrin, lọ sókè pátápátá,
ó wá ohùn tó sọnù náà lọ síbi tí kì í gbé,
ó sì bá a níbẹ̀.
Àwọn oníjó ò mọ̀. Ẹsẹ̀ kan ò ṣì.
Èmi mọ̀, nítorí mo rí ètè rẹ̀:
ó ń mì, bíi ti ẹni tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní ilé ìdáná.

Nígbà tí wọ́n tan iná funfun, tí wọ́n ń gbá ìyẹ̀fun,
mo bu kọfí, mo mú un lọ bá a.
Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò láti ọjọ́ yìí
sá padà sí ọ̀nà ọ̀fun.
Mo ní, "Delbert, okùn rẹ já."
Ó ń ká a mọ́ ìka bí òrùka.
"Ṣé o gbọ́ ọ?"
Mo ní mo gbọ́.

Ó ti àpótí irin náà pa. Ó wúwo.
Mo bá a gbé etí kan dé ẹ̀yìn ọkọ̀.