Ìkíni Ìdí Iná

Lọ́jọ́ Kérésì, ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tta,
ìrẹsì á máa tutù lọ nínú àwo tánganran,
Bàbá Ládèjọbí kò ní í tíì jókòó.
Á kẹ̀yìn sí tábìlì, á kọjú sí ilé ìdáná:
"Olúwa ń bẹ pẹ̀lú yín o!"
Sẹ̀nábù á dáhùn látinú èéfín,
ó ń fi ìborùn nu ojú:
"Á bù kún ẹ̀yin náà, Bàbá!"
Àwa ọmọ á máa rẹ́rìn-ín.
A ní arúgbó ti ń ṣi ọ̀nà tábìlì mọ̀.

Ọdún kẹta tó ti sùn
ni mo ṣí Bíbélì rẹ̀ tí kòkòrò ti jẹ létí.
Ìtàn Rúùtù ni mo ti bá a.
Oko ọkà ni, kò sí tábìlì níbẹ̀.
Bóásì ń ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù bọ̀,
Bẹ́tílẹ́hẹ́mù yẹn náà,
ó sì kọ́kọ́ kí àwọn tó ń kórè,
àwọn tí òógùn bò,
tí ẹnikẹ́ni ò tíì bu oúnjẹ fún.
Epo ìka Bàbá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ náà.

Lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n fi sórí àga rẹ̀.
Mo dìde, mo kọjú síbi èéfín.
Etí Sẹ̀nábù ti wúwo.
Mo tún un kí.