Eyín Kan Nínú Aago

Ọyẹ́ ti bo Ṣíkà láti àárọ̀,
eruku funfun lára fèrèsé yàrá àyẹ̀wò,
mo sì ń gé ìfun ènìyàn tí a rì sínú ìda,
pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ,
ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà Samaru lọ.
Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i. Wọn ò kọ orúkọ.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo bá a gba káàdì,
mo mọ nọ́ńbà yẹn bí mo ṣe mọ ilẹ̀kùn ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Oyèékànmí,
tó fi ogójì ọdún jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kan ní Sàbó, Sáríà,
awò ẹyọ kan lójú, ẹ̀mú tín-ín-rín lọ́wọ́.
Sójà Jájì, olùkọ́ yunifásítì, oníṣòwò awọ,
gbogbo wọn ló ń gbé aago wá fún un.
Ó kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré:
"Aago tó ń sáré, kì í ṣe pé agbára rẹ̀ pọ̀.
Eyín kékeré kan ló yẹ kó máa dá a dúró.
Bí eyín yẹn bá yẹ̀,
á sá wákàtí ọjọ́ méjì tán kí ilẹ̀ tó ṣú."

Mo da oògùn sórí ẹran ara náà.
Níbi tí purotéènì tí mo ń wá bá wà,
ó yẹ kó yọ rẹ́súrẹ́sú bí eyín arúgbó tó ń jẹ gbàǹja.
Òun ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì di ara wọn lọ́wọ́ mú,
èjìká kan èjìká bí sàfú ìrun Jímọ̀.
Lápá òsì, ó wà.
Lápá ọ̀tún, ibi tí jẹjẹrẹ tẹ́ní sí,
funfun báláú.

Wọn ò pa á o.
Ìwé tó gbé àṣẹ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò ya, kò sọnù;
nǹkan kan ló kàn fọwọ́ bo ojú ewé náà
tí kò jẹ́ kí a kà á mọ́.
Ẹni tó bá sì já ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀nà ló kàn.

Ọ̀nà yẹn ò jìn.
Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ìfun bọ̀,
ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń yà kí.
Oúnjẹ ń gba ibẹ̀, májèlé ń gba ibẹ̀,
ẹ̀dọ̀ kì í ti ilẹ̀kùn,
iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbàlejò.

Mo gbé ti ẹ̀dọ̀ sábẹ́ awò.
Mo wò ó. Mo tún un wò.
Sẹ́ẹ̀lì ìfun jókòó sáàrín ẹ̀dọ̀,
wọ́n ń kọ́ ilé roboto bí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀,
wọn ò gbàgbé èdè ìfun.
Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń dá ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ní Sàbó,
bí Haúsá tilẹ̀ ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.
Àfiwé yẹn dùn mí. Mo fẹ́ dà á nù.
Àwa tọrọ àyè ká tó jókòó.
A bá wọn gbẹ́ kànga, a bá wọn sin òkú,
a ò jẹ ilé onílé run.
Síbẹ̀, n kò rí àfiwé mìíràn.

Nírọ̀lẹ́ mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì,
funfun ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ òróró ẹ̀pà.
Ìyá Wúràọlá ní kí n sọ fún un
pé kó fẹ̀dọ̀ lórí òróòro.
Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Eyín wo ló yẹ̀?"
Mo ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn káàdì.
Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́, bí ẹni tó ń díye lé iṣẹ́ oníbàárà.
"Ó mà kéré o, Àwẹ̀ró.
Ó mà kéré."

Ó ní aago mélòó ló lù.
Mo ní márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.
"Irọ́ ni. Tìrẹ ń sáré. Bọ́ ọ wá."
Mo bọ́ ọ.
Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí,
ó ń wá ẹ̀mú.