Tákàdá Ọjọ́ Mẹ́ta

Nọ́ọ̀sì Marivic fi tákàdá kan lé mi lọ́wọ́,
ìlà lórí ìlà bí ebè tuntun,
ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta péré, Ìyáàfin Ìbídùn.
Ohun tó wọlé, ohun tó jáde,
àti ohun tó jáde láìgbàṣẹ."
Ó fún mi ní ife oníke tí nọ́mbà wà lára rẹ̀.
Mo kì í bọ inú báàgì bí ẹni tó jalè.

Wínípẹ̀gì, oṣù kejì ọdún.
Òtútù ń bu ni jẹ létí bí ajá.
Bọ́ọ̀sì iléèwé ni mo ń wà,
ọmọ méjìlélógójì lẹ́yìn mi, ariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà,
kò sì síbi tí awakọ̀ ti lè sọ pé
ẹ dúró ná, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.

Ọjọ́ kìíní.
Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí: ọ̀ọ́dúnrún mìlílítà.
Mo gbé e sókè bí ẹni wo epo nínú ìgò.
Aago mẹ́fà: kọfí, ife ńlá kan.
Aago méje kọjá díẹ̀: mo sín nídìí sítíárìn.
Níbi tí wọ́n kọ "jíjò" sí
mo kọ́kọ́ kọ: díẹ̀.
Mo pa á rẹ́. Mo kọ: ó tó.
Aago mẹ́sàn-án: ọgọ́rin.
Mo ti sáré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí yìnyín,
nítorí ọgọ́rin.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bò ó mọ́ra;
mo mọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ojú ọ̀nà mi
bí ọdẹ ti mọ ibi tí ẹtu ti ń mumi.
Mo sá fún omi títí ètè mi fi là.
Mo rò pé ọgbọ́n ni.
Tákàdá ní kì í ṣe ọgbọ́n:
lọ́jọ́ kejì omi ò tó ife méjì,
síbẹ̀ ìgbà mẹ́tàlá ni mo sáré.

Ìyá mi bímọ mẹ́jọ ní Ìgbájọ.
Póò rẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn, ó máa ń dún lóru,
àwa ọmọ a máa rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ìbora.
Kò sẹ́ni tó bi í pé, ìgbà mélòó?
Kò sẹ́ni tó fún un ní ìlà kan láti kọ ọ́ sí.
"Ara àgbà ni," ló máa ń wí.
Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni nígbà náà.

Òru ọjọ́ kẹta, mo ń lọ, mo ń bọ̀ pẹ̀lú ojú oorun,
mi ò kọ nǹkan kan.
Láàárọ̀ mo bá ìkọ̀wé tí kì í ṣe tèmi
lórí tákàdá tí mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀:
"Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mẹ́ta ku díẹ̀.
Aago mẹ́rin ààbọ̀, o pẹ́ níbẹ̀, o mí kanlẹ̀."
Gbádébọ̀, tí mo ti rò pé ó ń sùn bí igi.
Mi ò bi í. Mo po tíì rẹ̀,
mo fi ṣúgà sí i jù.

Marivic fi bírò tọ àwọn nọ́mbà lọ,
kò fajú ro.
"Ẹ wò ó, àpò ìtọ̀ yín kì í kún kó tó pariwo.
Ìbẹ̀rù ló kọ́. A lè kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn."
Ó wá bi mí, kí ni mo kọ sétí ìwé yìí?
Mo ní, orúkọ ìyá mi ni.
Kò béèrè ìdí.
Ó fún mi ní tákàdá mìíràn.