Kí Lẹ Sọ Nù Síbẹ̀?

A kúrò ní Àkúrẹ́ kí àkùkọ kejì tó kọ,
èmi àti Akínrìnmádé,
èmi lórí Ráléè dúdú tí bàbá mi fi sílẹ̀,
òun lórí tòkunbọ̀ aláwọ̀ ọsàn
tí ń dún bí igbá tí wọ́n kó ṣíbí sí.
Ìjọ̀kà ṣì ń sùn. Wọ́n ti mú iná lọ.
Ajá kan lé wa dé ibi tí ọ̀dà títì ti já,
ó wẹ̀yìn wò, ó rántí ilé.

Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́.
Táyà ń bá ilẹ̀ tútù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́
bí àgbà tí kò fẹ́ jí ọmọ.
Kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì,
èso pupa dì mọ́ ara igi
bí ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi fi gun ọ̀nà yìí,
akọ̀wé ìwọ̀n kòkó,
ìwé ìṣirò nínú àpò awọ, pẹ́ńsù lẹ́yìn etí.
Ó máa ń sọ pé, ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí òkè ń bọ̀
kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo ṣebí òwe ni.

Òkè Ìdànrè kì í yọ bí oòrùn.
O kàn máa gbójú sókè ni, ó ti wà níbẹ̀,
bí àlejò tó ti jókòó sí pálọ̀
kí onílé tó jí.

Nílé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Olúwatuyì
fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya òkè tí ń bi iná sára pátákó,
iná ń ṣàn, ilé ń jó, ènìyàn ń sá.
Mo na ọwọ́ sí fèrèsé: tiwa yìí ńkọ́, sà?
Ó wò ó títí.
Ó ní, eléyìí ti jẹun yó.

Ó ku díẹ̀ ká dé Aládé, ìṣó kan rí táyà ẹ̀yìn mi.
Mo tì í dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan
tó jókòó ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bàbá rẹ̀,
kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ.
Ó ri túùbù bọ omi, ihò náà hó fún un.
Ó fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bu epo sí i, ó ṣá ìṣáná:
iná kékeré kan
lẹ́sẹ̀ gbogbo àpáta yẹn.
Kò gbójú sókè nígbà tó béèrè,
“Níbo lẹ ń lọ?”
A ní a kàn ń yí òkè ká ni.
“Kí lẹ sọ nù síbẹ̀?”
Akínrìnmádé rẹ́rìn-ín. Èmi ń wá owó nínú àpò.

Lẹ́yìn Aládé, ilẹ̀ dìde.
Mo gùn ún, mo gùn ún,
itan mi ń gbóná bí irin ọmọ yẹn,
àpáta dúró, omi òjò àná ń sun lára rẹ̀
bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dípò mi.
Nígbà tó yá mo sọ̀ kalẹ̀.
Mo ń tì í lọ, orí mi wà nílẹ̀,
ìgbà náà ni mo tó rí pẹ́dàlì:
tòsì ti jẹ, irin rẹ̀ ń dán,
tọ̀tún ṣì rí ṣákálá, bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.
Ẹsẹ̀ kan.
Ẹsẹ̀ kan ló fi gun gbogbo ọdún yẹn,
kò sí ẹni tó sọ fún wa nílé
pé orúnkún ọ̀tún ń dùn ún.

Akínrìnmádé ti dé orí òkè, ó ń lu agogo,
ó ń pariwo pé òun rí ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì.
Mo fọwọ́ nu pẹ́dàlì òsì.
Mo gun kẹ̀kẹ́ padà,
mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kúrò
fún ìwọ̀n òpó iná mẹ́ta péré.
N kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.