Yàrá Tí Kò Gba Atẹ́gùn

Ní Hansan, bí ooru oṣù keje bá dé,
gbogbo ìlú ní í ṣí fèrèsé.
Ìyá ìyá mi, Bun-nye, a ti tiwọn pa gbọn-in.
Wọn a fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn,
wọn a bu omi wọ́n ilẹ̀,
wọn a wá jókòó sí ìdí òfì
bí ẹni tí a sè mọ́ inú ìkòkò.

Òwú mósì kò fẹ́ gbígbẹ.
Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tó ṣìnà wọlé,
òwú já.

Eyín iwájú wọn méjì ti ya kòtò:
ibẹ̀ ni wọ́n ti ń la èèpo mósì láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin,
títí yóò fi tín-ín-rín ju irun ọmọ tuntun lọ.
Aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá bí onílé,
inú yàrá tí kò gba atẹ́gùn ni wọ́n ti hun ún.

Èmi, Daegu ni mo wà.
Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ́ iná mànàmáná sí ara ènìyàn
kí ara má mọ̀.
Nígbà tí dókítà ní ọkàn wọn ń fo ìṣísẹ̀,
mo lẹ àkọ́ṣe mi mọ́ wọn láyà:
ó fẹ́lẹ́, ó ń dán,
bàbà là á kọjá bí iṣan inú ewé.
Inú mi dùn. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, òógùn jókòó sábẹ́ rẹ̀
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.
Ọjọ́ kẹrin, àyà wọn sú.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, fóònù mi han:
ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.
Mo pè wọ́n, ẹnu mi ń gbọ̀n.
“Màmá, ṣé ẹ wà láàyè?”
“Ẹ̀wà ni mò ń bó,” ni wọ́n wí.
“Nǹkan rẹ já bọ́. Ó wà lórí fìríìjì.”

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.
Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn tan iná,
wọ́n na mósì kan síwájú rẹ̀.
“Kí lo rí?”
Mo ní aṣọ.
“Tún un wò.”
Mo tún un wò: ihò ni.
Ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ìmọ́lẹ̀ ń yọjú nínú gbogbo wọn.
“Ihò ni mò ń tà,” ni wọ́n wí,
“òwú ni mo fi ń dè é.”

Mo padà sí Daegu, mo ra ṣúgà.
Mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ rọ́bà, mo jẹ́ kó dì,
mo rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.
Ṣúgà bá omi lọ, ó fi ibùsùn rẹ̀ sílẹ̀,
ibi tí hóró kọ̀ọ̀kan sùn sí di ẹnu ọ̀nà.
Ìgbà mọ́kànlá ni mo bà á jẹ́.
Nígbà kan, èèrà tò wọlé lóru, wọ́n jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Pyo kò rẹ́rìn-ín.
Ìgbà kejìlá, mo fi fàdákà ṣe ọ̀nà iná,
mo jẹ́ kó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kí ó má baà já bí àyà bá ru sókè.
Mo da omi lé e: omi kò wọlé.
Mo gbé e lé ẹnu ife tíì: ooru jáde.

Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyí.
Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé pé ó wà lára àwọn.
Ní aago mẹ́rin, ìlà náà sáré díẹ̀, ó rọlẹ̀,
ó wá ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, kì-kì, kì-kì,
bí ọkọ̀ òfì tí ń lọ tí ń bọ̀.
Mo mọ̀ pé wọ́n ti ti fèrèsé pa.
Mo dìde, mo ṣí tèmi.